Ẹja Àlejò ní Ilé Opó

Ọkọ mi ló gbé òkun wá sí Adigbẹ. Ẹ má rò pé àsọdùn ni mò ń sọ. Odò Ògùn wà nílẹ̀ tó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀, omi kànga wà lẹ́yìnkùnlé, àmọ́ ọkùnrin yìí ní omi oníyọ̀ lòun fẹ́. Iyọ̀ náà kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Inú ike olómorí ló ti ń wá láti Èkó, a ó pò ó mọ́ omi tí a ti sẹ́, òun á sì máa fi ohun èlò kékeré kan wọ̀n ọ́n títí á fi sọ pé ó ti tó ti òkun. Àpótí gíláàsì tó gbé omi náà sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri pálọ̀ kan tán. Ó to òkúta sínú rẹ̀, ó ní alààyè ni àwọn òkúta ọ̀hún torí àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń gbé inú wọn, kí n má ṣe pè wọ́n ní òkúta lásán. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ẹja tó wà níbẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló sì máa ń bi wá pé ìgbà wo la máa sè é.

Èmi ní tèmi, aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, èmi fúnra mi ni mo sì ń rẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ láró. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé aró kì í kúrò léèékánná. Mo lè fọ ọwọ́ títí ọṣẹ á fi tán, àyíká èékánná mi á ṣì dúdú. Ìdí nìyí tí ọkọ mi kò fi jẹ́ kí n ti ọwọ́ bọ omi ẹja rẹ̀ rí. Bí mo bá ti sún mọ́ gíláàsì báyìí, á ní, "Aláró, ọwọ́." Ó máa ń bí mi nínú. Mo máa ń dá a lóhùn pé aró yìí náà ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ẹja rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Á rẹ́rìn-ín, á ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n ṣáà gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Mo sọ ọ́ báyìí kí n lè tètè kúrò níbẹ̀. Àwa méjì la wà nínú ilé náà, àwa àti ẹja.

Ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ́n bí òroǹbó, ó sì ní ìlà funfun lára. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ìkejì rẹ̀ kú, ó wá ku òun nìkan láàárín àwọn òkúta. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, àárọ̀ kùtù ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pe ìrun Mọ̀gàríbì. Kì í kan ilẹ̀kùn bí èèyàn gidi. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń fi gbá irin ẹnu ọ̀nà, kàn-kàn-kàn, bí ẹni pé ilé onílé ló wá. Bí ẹja yìí bá ti gbọ́ ìró irin yẹn, ibi yòówù kó wà, á jáde, á wá fi imú ti gíláàsì, á máa mi ara. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó ń fún òun lóúnjẹ dé. Mo máa ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ kejì ti ń pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fóònù ló dún dípò kọ́kọ́rọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè. Wọ́n ní ó gbé orí lé tábìlì bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́. Mi ò ní sọ bí mo ṣe ké lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín sí agboolé bàbá rẹ̀ ní Kémta, èmi sì bẹ̀rẹ̀ opó nílé wa ní Adigbẹ.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é, ilé tí ọkọ fi obìnrin sí kó tó kú náà ló ti máa jókòó, fún oṣù mélòó kan. Kò gbọdọ̀ jáde láìnídìí, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tó ń dán. Èmi tí mò ń ta aṣọ aláràbarà fún gbogbo ayé, aṣọ funfun kan tó ti ṣá ni mò ń wọ̀ káàkiri ilé. Ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú wà ní títì. Lákọ̀ọ́kọ́, èrò ń wá kí mi, wọ́n á ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ẹja, wọ́n á lọ. Nígbà tó yá, wọ́n dín kù. Nígbà tó tún yá, ó ku èmi àti Àlàájà.

Àlàájà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, òun ló sì tọ́ ọkọ mi lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Kémta ló ń gbé, ó di ẹrù rẹ̀ wá kí n má bàa dá wà. Aláàánú èèyàn ni, àmọ́ àánú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni. Ní agboolé tí wọ́n ti bí i, abọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń yí ká, ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn lé. Títí di òní, Àlàájà kò lè dá jẹun. Bó bá rí ẹni tó dá jókòó síbì kan, dandan ni kó lọ jókòó tì í, onítọ̀hún ì báà fẹ́, ì báà má fẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń sú mi.

Wọ́n ti kó ẹrù ọkọ mi wá láti ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlàájà wà lẹ́yìnkùnlé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà, mo fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ló bá gbá irin. Ẹja jáde. Ó wá fi imú ti gíláàsì, ó ń mi ara, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹja yìí kò tíì gbọ́. Kémta ti gbọ́, Ìtòkú ti gbọ́, àwọn ará Èkó ló tilẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹja yìí nìkan ló kù tí ọkọ mi ṣì ń bọ̀ nílé fún.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí Àlàájà bá ti gbé kẹ́tùrù àlùwàlá lọ sẹ́yìnkùnlé, màá mú kọ́kọ́rọ́, màá gbá irin, ẹja á jáde, màá fún un lóúnjẹ, màá gbé kọ́kọ́rọ́ padà síbi tó wà. Mo mọ̀ pé mò ń tan ẹja jẹ. Mo mọ̀ pé mò ń tan ara mi jẹ pẹ̀lú, ẹ má dá ara yín láàmú láti sọ fún mi. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ gbọọrọ, ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni mò ń dúró dè. Ó hàn sí mi kedere pé bí ẹja yẹn bá kú, ọkọ mi ti kú tán pátápátá.

Àṣé ẹnìkan ṣì kù tí kò tíì gbọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ń ta ẹja fún ọkọ mi kan géètì. Láti Èkó ló ti wá, ó gbé ọ̀rá olómi kan dání, ẹja kékeré kan wà nínú rẹ̀. Àlàájà ló lọ bá a, èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó ní ó ti pẹ́ tí Ọ̀gá ti ní kí òun wá irú èyí tó wà nílé fún un, kí tilé má bàa máa dá gbé, òun sì ti ń pe fóònù Ọ̀gá títí, kò lọ. Àlàájà sọ fún un. Mò ń wo ojú ọkùnrin náà láti ibi tí mo wà, mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó kí wa tán, ó ní òun lè gbé ẹja náà padà bí a kò bá fẹ́ ẹ. Mo ní rárá, kó gbé e sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkọ mi rán kẹ́yìn nìyẹn, mi ò lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá rọra sọ fún mi pé kí n má tíì kó wọn pọ̀. Mo ní mo mọ̀.

Mo mọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ra ẹja aláwọ̀ búlúù kan tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin, ó sì tú u sínú gíláàsì lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Láìpẹ́, nǹkan funfun tó dà bí ìyẹ̀fun bo gbogbo àwọn ẹja lára, wọ́n sì kú tán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gíláàsì, kò jẹun. Látìgbà náà ló ti gbé ike aláwọ̀ búlúù kan sí yàrá àlejò, ó fi ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré sí i, ó gé páìpù sínú rẹ̀ kí ẹja lè ríbi fara pamọ́ sí. Ẹja yòówù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé títí ó fi tó bí oṣù kan, a ó máa wò ó, a ó máa fún un ní oògùn, torí àìsàn lè wà lára rẹ̀ tí ojú kò rí. Àwọ̀n rẹ̀ ọ̀tọ̀, ife rẹ̀ ọ̀tọ̀, aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ ọ̀tọ̀. Oògùn náà kò sì ṣe é dà sínú gíláàsì ńlá, torí ó máa pa àwọn òkúta alààyè yẹn. Nígbà tó ń rojọ́ gbogbo èyí sí mi létí lójoojúmọ́, mo rò pé mi ò fetí sí i. Àṣé mò ń gbọ́.

Mo gbé ọ̀rá náà lé orí omi inú ike títí omi méjèèjì fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà, mò ń bu omi ike sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tú ẹja sílẹ̀. Ó sá wọ inú páìpù. Ìgbà tí mo ti ọwọ́ bọ omi láti tún páìpù náà ṣe ni mo tó rí ọwọ́ ara mi dáadáa. Aró ti tán léèékánná mi. Èékánná tuntun ti hù, ó mọ́ tónítóní bíi ti ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí láyé. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ mi ti wá mọ́ tó láti wọ omi rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lé mi. Mo fi ọwọ́ sínú omi náà dé ìgúnpá, mo sunkún.

Láti ìgbà náà, mo ríṣẹ́ ṣe. Láàárọ̀, màá lọ sí yàrá àlejò, màá fún tuntun lóúnjẹ, màá wo ara rẹ̀ dáadáa, màá fọ ọwọ́, kí n tó lọ sọ́dọ̀ tilé. Àlàájà ń tẹ̀ lé mi kiri. Kò pẹ́ tó fi gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tuntun sọ̀rọ̀. Ó ní ẹja yìí náà ń ṣe opó. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ tí a fi tì í mọ́lé, tí ẹnìkejì rẹ̀ wà ní pálọ̀, tí wọn kò sì lè fojú kan ara wọn. Mo ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ mí lẹ́nu. Ó ní ara ẹja náà le, ó ń jẹun dáadáa, òun kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Mo ní àìsàn ọ̀hún kì í tètè hàn. Ó ní ó dáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Àlàájà máa ń ṣe sàráà fún àbúrò rẹ̀. Á dín àkàrà, á pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, á ní kí wọ́n ní kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ní Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, oorun gbé mi lọ lórí ẹní ìrun. Nígbà tí mo jí, mo lọ wo ike ní yàrá àlejò. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń ṣiṣẹ́, omi ń hó, kò sí ẹja nínú rẹ̀. Mo sáré wá sí pálọ̀. Àlàájà jókòó sórí ẹní níwájú gíláàsì ńlá, àwọ̀n tó tutù wà lórí itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ mi. Àwọn ẹja méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárín òkúta.

Mo bi í pé kí ló ṣe.

"Mo fi ṣe sàráà fún un ni," ló wí. "Ẹni tó bá tú ẹ̀dá Ọlọ́run sílẹ̀ ní àhámọ́, ẹ̀san ńlá ni. Ìyàwó mi, ẹ̀yin méjì lẹ wà ní àhámọ́ nínú ilé yìí. Tìrẹ kò sí lọ́wọ́ mi. Tiẹ̀ ni mo lè ṣe."

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, gbogbo Adigbẹ ì bá gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jágbe mọ́ ẹni tó tọ́ ọkọ mi, tó wá ń fi ẹja ọkọ mi wá àánú Ọlọ́run fún ọkọ mi? Mo gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹja tuntun, ó sá wọ ihò òkúta. Mo mọ̀ pé bí mo bá tilẹ̀ mú un, ohun tó máa wọ omi ti wọ omi. Mo jókòó tì í lórí ẹní.

"Bí ti ilé yìí bá kú, Ìyá, ó tán," ni mo wí.

Ó ní kò ní kú. Ó ní òun ti ṣàdúrà.

A ń retí. Nírọ̀lẹ́, mò ń gbá irin, ẹja ń jáde, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù. Mo ti ń rò pé bóyá Ọlọ́run ti gba àdúrà Àlàájà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jáde lóòótọ́, ó fi imú ti gíláàsì, mo sì rí i. Nǹkan funfun wínníwínní wà lára rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan gbọn ìyẹ̀fun sí i lẹ́yìn. Oúnjẹ tí mo fún un, kò jẹ ẹ́. Mo pe ọkùnrin Èkó lórí fóònù. Ó ní kí n tètè kó àwọn méjèèjì sínú ike olóògùn, kí n sì fi gíláàsì ńlá sílẹ̀ láìsí ẹja fún ìgbà pípẹ́, títí àìsàn náà kò fi ní rí ẹni tó máa bá jà mọ́, tí á fi kú fúnra rẹ̀.

Ni mo bá kó wọn. Ti tuntun rọrùn, ara rẹ̀ le bí òkúta. Ti ilé kò tilẹ̀ sá fún àwọ̀n. Mò ń wọn oògùn, mò ń pààrọ̀ omi, mò ń kúnlẹ̀ ti ike náà láti àárọ̀ dé alẹ́. Àlàájà ń pọn omi wá láti kànga, òun tí orúnkún ń dùn, èmi ń sẹ́ ẹ, mò ń pò ó mọ́ iyọ̀. Kò jẹun. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá òun lòun fà á. Mo ní omi kò tíì tó, ó sì tún lọ sí kànga.

Ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, ẹja mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ike, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo na ọwọ́ sínú omi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e sókè díẹ̀ kó lè rí atẹ́gùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mi ò rántí kọ́kọ́rọ́, ta ló ń ro ti kọ́kọ́rọ́? Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, kàn-kàn-kàn.

Mo fi Ọlọ́run búra, mo gbà gbọ́ pé ó dé. Ìṣẹ́jú kan péré ni, àmọ́ mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹja náà gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó yí ara padà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dìde dúró, ó gbé orí sókè sí ojú omi, ó ń mi ara. Ike náà kò ṣe é rí òde bíi gíláàsì, síbẹ̀ ó kọjú sí apá ibi tí ìró náà ti ń wá. Nígbà tí mo yíjú padà, Àlàájà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò, kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ni, Ìyá?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùnlé," ló wí. "Èmi náà máa ń dúró kó wọlé."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti kú. Àlàájà ya etí aṣọ funfun mi, ó fi wé e, ó wò mí bóyá màá sọ pé ó ti ṣe é jù. Mo bá a di aṣọ náà mọ́ ọn. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ìgbà tí opó parí, àwọn ará Kémta wá, wọ́n ṣàdúrà, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ. Àlàájà di ẹrù rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kí òun ṣì dúró díẹ̀ sí i. Mo ní kó máa lọ, ó ti ṣe dáadáa, ara rẹ̀ kò gba wàhálà mọ́. Mo fẹ́ kó dúró. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ẹnu mi ni kò sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn lọ tán, mo wọlé, mo jókòó níwájú gíláàsì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi àti òkúta lọ, iná rẹ̀ ń tàn.

Mo ti padà sí Ìtòkú. Aró ti padà sí èékánná mi. Nígbà tí àkókò tí ọkùnrin Èkó ní kí n dúró pé, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí n tó gbé ẹja tuntun, àlejò wa, láti inú ike lọ sínú gíláàsì ńlá, torí bí mo ṣe fẹ́ ti ọwọ́ bọ omi báyìí ni mo gbọ́ ọ létí mi pé, "Aláró, ọwọ́." Àlejò náà ń ṣe dáadáa, ó ti ń sanra, ó ti mọ̀ mí. Láàárọ̀ tí mo bá fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń fún un lóúnjẹ, nítorí náà àárọ̀ ló máa ń wá sí ojú gíláàsì. Àlàájà máa ń pè mí lórí fóònù láti Kémta, á kọ́kọ́ béèrè ẹja kó tó béèrè mi.

Lánàá, mo dé láti ọjà bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Mọ̀gàríbì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú báàgì mi, mo gbá irin, kàn-kàn-kàn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wo gíláàsì. Àlejò wà nídìí òkúta tirẹ̀, ó ti fẹ́ sùn, kò tilẹ̀ yíjú. Mo gbá irin lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú ti gbọ́.